Lọ́sẹ̀ Tí Ilẹ̀ Mì ní Túrkì

Láti ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson ní Alágoméjì, l'Ékòó, dé Moníyà ní Ìbàdàn, kìlómítà 157 ni rélùwéè ń rìn. Láti ọdún 2021 tí wọ́n ti ṣí i ló ti di ọ̀nà mi. Ìyá mi wà ní Òjé. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú wọn lápá àti lẹ́sẹ̀ òsì. Àbúrò mi obìnrin ló ń tọ́jú wọn láàárín ọ̀sẹ̀. Bí òpin ọ̀sẹ̀ bá dé, èmi a lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí òun náà lè sinmi. Sátidé kan nínú oṣù Kejì ọdún 2023 ni èyí tí mo fẹ́ sọ.

Ìròyìn Túrkì ló gba inú ọkọ̀ kan lọ́jọ́ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó tì mí na fóònù rẹ̀ sí mi kí n bá a wò ó. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ 6 oṣù náà, ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú 17, nígbà tí oorun ṣì wà lójú wọn, ni ilẹ̀ mì. Ìwọ̀n rẹ̀ tó 7.8. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni òmíràn tó tó 7.5 tún tẹ̀ lé e. Ní Gaziantep, ní Kahramanmaraş, ní Antakya, títí wọ àríwá Síríà níbi tí àwọn tí ogun lé kúrò nílé sá sí, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wó, àjà kan gorí òmíràn bí awo tí a tò jọ. Ìgbà òtútù ni lọ́hùn-ún. Àwọn tó yè ń dáná lójú títì kí ara wọn lè móoru.

Ohun tí mi ò lè gbàgbé nínú fídíò náà ni bí gbogbo ibẹ̀ ṣe pa lọ́lọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń yọ èèyàn nawọ́ sókè, wọ́n pa katakata, wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, ẹni tó ń sunkún fọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n ń tẹ́tí bóyá ẹnì kan ṣoṣo yóò dáhùn lábẹ́ àwókù. Mẹ́síkò kó ajá tó ń fi imú wá èèyàn lọ síbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Proteo, kú sẹ́nu iṣẹ́ náà.

Ọmọkùnrin náà ní, "Màmá, kí lèèyàn wá fẹ́ ṣe sí irú èyí o?" Òrí, páńpásì àgbà àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà nínú báàgì tí mo gbé sórí itan. Mi ò rí èsì fún un. A kọjá Papalantó, a kọjá Abẹ́òkúta, ó sùn lọ.

Ìgbà tí ìjọba pààrọ̀ owó ni, tí owó tuntun kò sì kárí, tí epo bẹntiróòlù náà tún wọ́n. Ní Moníyà, obìnrin kan pọn ọmọ, ẹgbẹ̀rún kan náírà àtijọ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí awakọ̀ Mícrà tó fẹ́ gbà á. Awakọ̀ tó gbé mi ló pè é: "Ìyá ọmọ, ẹ wọlé jàre. Bí owó bá bọ́ sí i, gáréèjì yìí náà lẹ ó ti bá mi." Bẹ́ẹ̀, òru ló ti lọ tò fún epo tó wà nínú ọkọ̀ ọ̀hún.

Àbúrò mi ti gbómi kaná kí n tó dé. "Àǹtí mi, ẹ kú ọ̀nà o." Mo yí ìyá wa sí ẹ̀gbẹ́, mo wo ẹ̀yìn wọn, ìbàdí wọn àti gìgísẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni egbò ti máa ń bẹ̀rẹ̀ lára ẹni tó ń dùbúlẹ̀ pẹ́. Mo wẹ̀ wọ́n, mo fi òrí pa wọ́n lára. Apá tó rọ la kọ́kọ́ ń wọ bùbá fún, apá tó lágbára á tẹ̀ lé e. Nígbà tí a bá ń bọ́ ọ, tapá tó le la ń kọ́kọ́ yọ. Ògì wọn gbọ́dọ̀ ki, torí omi lásán máa ń gba ọ̀nà òdì lọ́fun wọn. Ọwọ́ òsì tó wá rọ yìí ti ká aṣọ òfì fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìyàwó lọ́jà Òjé. Mo gbé e sórí orókún mi, mo ń gé èékánná rẹ̀.

Ibẹ̀ ni iye tí mo gbọ́ nínú ọkọ̀ ti wá wọ̀ mí lára. Àwọn tó kú ti lé ní 20,000 lọ́jọ́ náà. Nígbà tó yá, ó kọjá 50,000 ní Túrkì nìkan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ẹnì kan ti wẹ̀ rí, tí ẹnì kan ti gé èékánná fún, tí ẹnì kan ti jí lóru nítorí ikọ́ rẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé ọkàn líle ni kéèyàn máa ro ògì nílé nígbà tí ayé ń bàjẹ́. Mi ò gbà pẹ̀lú wọn. Àwọn tó pa katakata nítorí ohùn ẹnì kan, iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe.

Rédíò ti sọ fún ìyá mi. "Àṣàkẹ́, àwọn tó rí bíi tèmi lọ́hùn-ún, ta ló ń fún wọn lóúnjẹ?"

Mo ní mi ò mọ̀, Màmá.

Wọ́n ṣe "hùn." Wọ́n ní kí n gbé ìrọ̀rí sábẹ́ apá àwọn, kí n sì yọjú sí Ìyá Alákàrà nílé kejì, pé ọmọ wọn tó lọ tò sí báǹkì kò tíì dé láti àárọ̀. Mo bu ògì tó kù, mo fi mọ́ínmọ́ín méjì sí i, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Lẹ́yìn ìrun Alásárì ni ọmọ wọn tó dé, tòun ti ẹgbẹ̀rún méjì náírà tí báǹkì fún un. Ìyá Alákàrà ti jẹun nígbà náà, a sì ti jọ sọ̀rọ̀ nípa bí iye ẹ̀wà ṣe ń lọ sókè.