Ìjà Ìṣèlú Nídìí Oúnjẹ

Ahọ́n àti eyín a máa jà, bẹ́ẹ̀ inú ẹnu kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí ni í máa wá sí ọkàn ẹni tí ó bá wo All in the Family, eré kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn lórí ẹ̀rọ amóhùn-máwòrán ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 12, oṣù kìíní, ọdún 1971. Norman Lear ni ó dá a sílẹ̀, ó sì fi eré àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan, Till Death Us Do Part, ṣe àwòkọ́ṣe. Ọdún márùn-ún gbáko, láti 1971 títí dé 1976, ni eré yìí fi wà ní ipò kìíní láàrin gbogbo eré tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń wò nínú ilé wọn.

Ilé kékeré kan ní àdúgbò Queens, ní ìlú New York, ni ìtàn náà ti ń ṣẹlẹ̀. Archie Bunker, òṣìṣẹ́ kan tí ó ti ń dàgbà, ni baálé. Edith ni ìyàwó rẹ̀, Gloria sì ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Michael Stivic, ọkọ Gloria, ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì. Nítorí pé kò tí ì níṣẹ́ lọ́wọ́, ilé àna rẹ̀ ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Ẹ̀yìn Ààrẹ Richard Nixon ni Archie wà. Ó gbà pé ogun Vietnam tọ̀nà, ojú ẹ̀gàn ni ó sì fi ń wo àwọn ènìyàn dúdú, àwọn Júù àti àwọn àlejò. Michael ní tirẹ̀ kórìíra ogun náà, ó sì ń gbèjà gbogbo àwọn tí Archie ń bú. Nídìí oúnjẹ ni ìjà ti sábà máa ń bẹ́ sílẹ̀. Archie a pe ọkọ ọmọ rẹ̀ ní olórí ẹran. Michael náà a sì dá ọ̀rọ̀ padà fún un láìfọ̀tá pè.

Lójú Yorùbá, ohun ìtìjú ni èyí. Ẹni tí a bá fún ní ìyàwó a máa dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún àna rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kò bá tilẹ̀ dùn mọ́ ọn, a gbé e mì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a gbé mì kò tán nínú ikùn. Ohun tí Lear ṣe ni pé ó jẹ́ kí wọ́n pọ̀ ọ́ jáde. Láti inú ilé tirẹ̀ sì ni ó ti mọ̀ ọ́n, nítorí pé bàbá rẹ̀ gan-an ni í máa pè é ní olórí ẹran, tí í sì í máa pàṣẹ fún ìyá rẹ̀ pé kí ó pa ẹnu dé.

Ní alẹ́ ọjọ́ Kérésìmesì, ọdún 1976, wọ́n fi apá kan hàn tí ìjà náà ti ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Archie pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, Pinky, wá jẹun. Ọmọ Pinky ti kú sí ojú ogun ní Vietnam. Michael náà pe ọ̀rẹ́ tirẹ̀, David, ẹni tí ó sá lọ sí Kánádà nígbà tí ìjọba fẹ́ fi ipá mú un wọ iṣẹ́ ogun. Lójú òfin, arúfin ni David. Nígbà tí àṣírí tú, Archie fi ìbínú pariwo, ó sì kọjú sí Pinky, nítorí ó dá a lójú pé bàbá olóògbé yóò gbè é lẹ́yìn. Pinky ní ọmọ òun náà kórìíra ogun yẹn, ṣùgbọ́n ó ṣe ohun tí ó gbà pé ó yẹ kí òun ṣe. David náà sì ṣe ohun tí ó gbà pé ó yẹ. Ó ní bí ọmọ òun bá wà níbẹ̀, yóò fẹ́ bá David jókòó jẹun, òun náà yóò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ọmọkùnrin náà. Archie kò yí èrò rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ó jókòó. Kò tí ì pé oṣù kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 21, oṣù kìíní, 1977, tí Ààrẹ Jimmy Carter dárí ji àwọn tí ó sá fún ogun náà.

Ní ọdún 1978, ilẹ̀kùn ti mọ́ àna méjèèjì sínú yàrá ìkẹ́rùsí ní ilé ọtí Archie. Wọ́n mu ọtí, Archie sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀: bí iṣẹ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, bí òun ṣe ń wọ oríṣi bàtà kan sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, oríṣi mìíràn sí ti òsì, lọ sí ilé-ìwé, tí àwọn ọmọdé ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá yìí ni ó kọ́ ọ láti kórìíra àwọn ẹlòmíràn. Ó nà án, ó sì tì í mọ́ inú yàrá kótópó fún wákàtí pípẹ́. Síbẹ̀ Archie bèèrè pé, báwo ni ẹni tí ó fẹ́ràn òun yóò ṣe kọ́ òun ní ohun tí kò tọ́? Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Alẹ́ ọjọ́ náà ni Michael rí àkísà Archie. Nígbà tí oorun gbé àgbà náà lọ, ó fi nǹkan bò ó.

Kì í ṣe pé eré náà wo gbogbo ènìyàn sàn. Nínú ìwádìí tí Neil Vidmar àti Milton Rokeach tẹ̀ jáde ní 1974, wọ́n rí i pé àwọn òǹwòran tí ẹ̀tanú wà lọ́kàn wọn jù ni ó sábà máa ń fara mọ́ Archie ju Michael lọ. Ẹ̀rín kan náà ni gbogbo wọn ń rín. Ohun tí wọ́n ń rín sí ni ó yàtọ̀.

Ó yẹ kí olùkọ́ ronú sí èyí. Ọ̀pọ̀ ohun tí ọmọ kan ń sọ ní kíláàsì nípa ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí nípa ẹ̀yà mìíràn, láti ilé ni ó ti gbé e wá. Bí olùkọ́ bá fi í ṣe ẹlẹ́yà, bàbá ọmọ náà ni ó bú. Ọmọ náà yóò sì di èrò rẹ̀ mú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí ó bá sì dákẹ́, irọ́ yóò di òtítọ́ lójú ọmọ náà. Kí ó tako èrò náà gbangba, ṣùgbọ́n kí ó má lé ọmọ náà kúrò nídìí oúnjẹ.

Ní oṣù kẹta, 1978, Michael, tí ó ti di olùkọ́ yunifásítì, kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lọ sí California. Ní ẹnu ọ̀nà, ó dì mọ́ Archie, ó sì sọ fún un pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Kò sí èyí tí ó yí ẹgbẹ́ òṣèlú padà nínú àwọn méjèèjì. Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́.