Ọkọ̀ Àtijọ́ Tí Ń Ké

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọkọ̀ Volkswagen tí à ń pè ní Ìjàpá ni ó fi ìtumọ̀ òwe yìí hàn mí. Ọdún 1972 ni wọ́n ṣe tèmi. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké kín-ín-kín-ín bí ó bá ti kó sí kòtò. Mẹkáníìkì kan ní kí n ra shock absorber tuntun méjì. Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ìfẹ̀yìntì mi fún oṣù kan.

Mo ní kí ọmọ mi máa ti iwájú ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀, kí ó sì máa fi í sílẹ̀. Èmi lóṣòó, mo tẹ́tí. Mo da omi sí àwọn rọ́bà ìsàlẹ̀. Bí ariwo bá ti dákẹ́ ni, à bá mọ̀ pé rọ́bà ni ó gbẹ. Ṣùgbọ́n kò dákẹ́. Mo fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, mo gbé e lé òpó irin, mo sì fi pọ́ǹpù fún gíríìsì sí ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó wà lára páìpù méjì iwájú, títí tuntun fi ti ògbólógbòó jáde. Ariwo dópin.

Ẹ má ṣe fi gíríìsì pa rọ́bà o. Yóò bà á jẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tí ariwo ti ń wá, kí ẹ tó náwó.