Orúkọ Tí Mo Fagi Lé

Èmi ni mo sọ ìtàn ìyá àgbà kan nù, mi ò sì rí i dá padà fún àwọn tó ni ín.

Ilé ìwé girama kan ní Sabon Gari, Kánò, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà nígbà náà. Mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ìtàn ìgbésí ayé ẹnì kan nínú ẹbí rẹ̀. Mo kọ ohun tí mo fẹ́ sójú pátákó: ọjọ́ ìbí, òbí, ilé ìwé, iṣẹ́, ìgbéyàwó, oyè, àṣeyọrí. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn.

Ọmọbìnrin kan kọ ti ìyá rẹ̀ àgbà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni màmá náà ti wá, aṣọ ló sì ń tà nínú ọjà Sabon Gari láti ìgbà ọmọge. Kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i, kò wọ ilé ìwé, kò joyè. Ojú ìwé kìíní fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Láti ìkejì lọ, ọmọ náà kọ ọ̀rọ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu màmá: ẹni tó kọ́kọ́ fún un láyè lẹ́nu ìsọ̀, bó ṣe gbọ́ Haúsá lẹ́nu àwọn oníbàárà, títí ó fi kan 1966.

Ẹni tó bá mọ Kánò mọ ọdún yẹn. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin dé láàárín 1911 sí 1912 ni àwọn òyìnbó amúnisìn ya Sabon Gari sọ́tọ̀ fún àwa ará gúúsù, Ìgbò ló sì wá pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n pa wọ́n lóṣù Karùn-ún 1966, wọ́n tún pa wọ́n ní ìparí oṣù Kẹsàn-án wọ oṣù Kẹwàá. Àwọn tó yè sá lọ. Yorùbá púpọ̀ bọ́ sí ilé àti ìsọ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀. A kì í fẹ́ sọ ìyẹn síta. Màmá yìí sọ ọ́.

Aránṣọ kan, obìnrin Ìgbò, ni ìsọ̀ rẹ̀ fẹ̀gbẹ́ kan ti màmá. Lóru tó fẹ́ sá, ó gbé máṣíìnì rẹ̀ fún màmá, pẹ̀lú aṣọ àwọn oníbàárà tí kò tíì rán tán. Màmá fi owó ara rẹ̀ san aránṣọ mìíràn kó parí wọn, ó sì ń kó wọn fún oníkálukú, kí orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ má baà bàjẹ́.

Ibi tí mo kà á dé nìyẹn. Mo fi bírò pupa fagi lé e láti òkè délẹ̀, mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: “Ìtàn ìyá rẹ àgbà ni mo ní kí o kọ, kì í ṣe ti aládùúgbò wọn. Tún un kọ.”

Ọmọ náà ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, Ìyá àgbà ní ibẹ̀ gan-an ni ìtàn àwọn wà.”

Mo ní kó lọ jókòó. Ó tún un kọ, ojú ìwé kan péré, mo sì fún un ní máàkì tó dára. Nígbà tí táàmù parí, mo kó àwọn ìwé tí ọmọ fi sílẹ̀ sínú àpò, mo tà wọ́n nínú ọjà fún àwọn tó ń fi bébà di ẹ̀pà àti kúlíkúlí. Tirẹ̀ wà níbẹ̀.

Nínú ọlidé yẹn ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú màmá, ohùn rẹ̀ sì lọ. Ọmọ náà wá bá mi. Ó ní Ìyá àgbà ń nawọ́ sí máṣíìnì ìránṣọ kan tó wà nínú yàrá, ó ń sunkún, àwọn ọmọ wọn sì fẹ́ mọ orúkọ ẹni tó ni ín. Inú ìwé yẹn ló kọ ọ́ sí. Òun fúnra rẹ̀ ti gbàgbé. Mo tọ àwọn ẹlẹ́pà lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bébà ti tán.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé mo ní ìwé Baba of Karo nílé. Ìyá Haúsá kan ló ń rò ó fún Mary Smith láàárín 1949 sí 1950, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1954. Ẹ yọ àwọn ìbátan, orogún, ẹrú àti ọ̀rẹ́ kúrò nínú rẹ̀, kò ní ku nǹkan kan. Oríkì tí ìyá ìyá mi fi ń kí mi láàárọ̀ náà kò mẹ́nu ba ọjọ́ ìbí rí: ọmọ ẹni báyìí ni mí, ọmọ ẹni tó ṣe báyìí fún ẹni báyìí. Mi ò jẹ́ kí ohun tí mo mọ̀ nílé bá mi wọ kíláàsì.

Ní báyìí, bí a bá ń ka ìtàn ẹnì kan, ohun tí mo kọ́kọ́ ń bi àwọn ọmọ ni ta ló wà níbẹ̀ tí wọn ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ tiwọn, mo ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ara nǹkan kan nínú yàrá àgbàlagbà náà, kí wọ́n béèrè ẹni tó fún un. Wole Soyinka bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ Ìsarà, tó jáde ní 1989, láti inú àpótí ìwé bàbá rẹ̀. Ẹ̀dà ni mò ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ sí kì í kúrò nílé wọn mọ́.

Máṣíìnì náà ṣì wà lọ́wọ́ ẹbí màmá. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìyá tàbí ìyá àgbà tó jẹ́ aránṣọ ní ọjà Sabon Gari, tó fi máṣíìnì sílẹ̀ sọ́wọ́ obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń ta aṣọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa béèrè orúkọ wọn.