Ẹ̀TỌ́ ALÁDÙÚGBÒ

Mo ti lé ní ogójì ọdún kí n tó wo Tonari no Totoro, sinimá kàtúùnù tí Hayao Miyazaki ará Jàpáànù ṣe ní 1988. Ìyá àwọn ọmọbìnrin méjì wà ní ọsibítù. Mei, èyí àbúrò, gbé àgbàdo kan dání, ó ní òun ń lọ fún ìyá òun, ó sì sọnù. Gbogbo abúlé ló tú jáde wá a.

Ti iwin inú igbó tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀kọ́ tiwa. Ṣùgbọ́n Súrátù An-Nisáì, áyà 36, pa ṣíṣe dáadáa sí aládùúgbò láṣẹ. Bí ọmọ bá sọnù ní Ìbà Estate, ilẹ̀kùn mélòó ni yóò ṣí? Ẹ jẹ́ kí á mọ ọmọ ẹni tí a jọ pín ògiri. Kí Ọlọ́hun ṣe wá ní aládùúgbò rere. Àmín.