Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ Tó Ń Fọ Abọ́

Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Kòtò tí èmi jìn sí ni mo fẹ́ fi hàn yín. Inú ilé ìdáná wa níbí ní London ló wà.

Iṣẹ́ alẹ́ ni ìyàwó mi ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Gbogbo òru ló fi ń fọ ọwọ́. Bó bá wá délé láàárọ̀, abọ́ àná á ti kún síǹkì dè é. Nígbà tó yá, awọ ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í là, ó ń ṣẹ̀jẹ̀, débi pé kò lè di irun ọmọ wa obìnrin mọ́. Dókítà ní eczema ni, ó ní kó yẹra fún omi ọṣẹ bó bá ṣe lè ṣeé ṣe tó. Ó wá sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé, "Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ra ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́." Mo ní a máa rà á. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má rò pé mo kàn jókòó o. Mo ń wá èyí tó dára jù ni, èyí tí àlejò yóò wọlé tí yóò rí. Ọkàn mi lọ sára ọ̀kan tí wọ́n ṣe ní Jámánì: ó ń bu ọṣẹ fúnra rẹ̀, ó ń ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀ bó bá parí kí abọ́ lè gbẹ, ó sì ní àtẹ kẹta lókè fún ṣíbí àti fọ́ọ̀kì. £1,249 ni. Èyí tó kéré jù nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà jẹ́ £349. Torí pé agbára mi kò ká ti ńlá, mo kọ̀ láti ra kékeré.

Ọmọ wa ọkùnrin, ọmọ ọdún 15, ló là mí lójú. Mo ń ṣàlàyé fún un pé èyí tó wọ́n yóò dá owó rẹ̀ padà torí pé kì í jẹ iná. Ó mú bírò àti ìwé. "Dádì, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó." Láti oṣù kẹta ọdún 2021, lẹ́tà A sí G ló wà lára àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, wọ́n sì ń kọ iye yúnìtì iná tí wọn yóò jẹ bí wọ́n bá fọ abọ́ ní ìgbà 100. Ti ńlá jẹ́ A, yúnìtì 54. Ti kékeré jẹ́ D, yúnìtì 84. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 30. Bí yúnìtì kan bá jẹ́ 25p, £7.50 nìyẹn. Bí a bá fọ abọ́ ní ìgbà 300 lọ́dún, £22.50. Owó tí ọ̀kan sì fi ju èkejì lọ jẹ́ £900.

"Ogójì ọdún ni, Dádì! Bí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì nínú aginjù."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ náà, oorun kò kùn mí. Mo rántí pé láàárín ọdún méjì yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ra aṣọ ẹbí, kò sì sí èyí tó dín ní £150. N kò ṣírò ìkankan nínú wọn. Nínú Lúùkù 14:28, Olúwa wa sọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, tó kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó. Onítọ̀hún ń ṣírò kó lè kọ́lé ni. Èmi ń ṣírò kí n má baà kọ́ ọ.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a pa dà sí ṣọ́ọ̀bù, a sì bi ara wa ní ohun tí ilé wa nílò gan-an. Ọ̀sán ni ìyàwó mi ń sùn, nítorí náà ariwo ṣe pàtàkì. Ti kékeré jẹ́ 49 dB, ti ńlá jẹ́ 42. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré: bí ohùn bá fi 10 dB ga sí i, etí wa á gbọ́ ọ bí ìlọ́po méjì. A rí ọ̀kan tó jẹ́ 44 dB, tó ní àtẹ kẹta, ní £549. Òun la rà. Kì í ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Àwa náà ní ọwọ́ tí a fi ń ṣí i.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìwọ̀nba ohun tí a ti kọ́ kún un. Ẹ ha ẹ̀bà àti ọbẹ̀ kúrò lára abọ́, ṣùgbọ́n kò sídìí láti kọ́kọ́ fi omi ṣàn án. Ẹ máa fọ asẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ. Omi London le, nítorí náà ó nílò iyọ̀ tirẹ̀, kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀. Ètò "Eco" máa ń ju wákàtí mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n òun ló ń dín iná kù, torí omi gbígbóná ló ń jẹ iná jù. Ẹ má fi orógùn, igbá tàbí ìkòkò alumíníọ̀mù sínú rẹ̀. Ike tí epo pupa ti wọ̀ lára kì í sábà mọ́ níbẹ̀.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ wa ọkùnrin ló ń to abọ́ sínú ẹ̀rọ lálẹ́, àbúrò rẹ̀ ló ń kó o jáde láàárọ̀. Àwọn ìkòkò ńlá tí kò wọ ibẹ̀, èmi ni mo ń fọ̀ wọ́n.

Ọwọ́ ìyàwó mi kò tíì jinná tán, torí iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó kọjá, mo bọ́ sí pálọ̀, mo bá ọmọ wa obìnrin tó jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Ó ń di irun fún un.

Bí ẹnì kan nílé yín bá ti ń bẹ̀ yín fún ohun tí yóò dẹ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́rùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣírò owó o. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ rẹ̀.