Abẹ Tí Mo Gbé Lọ sí Ṣakí

Ọjọ́ tí a gba ìsinmi ni bàbá mi pè mí sí pálọ̀, wọ́n ní iṣẹ́ ò ní jẹ́ kí àwọn lọ sí Ṣakí lóṣù yẹn, pé èmi ni n ó lọ fá irùngbọ̀n Bàbá àgbà. Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé àwàdà ni. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Ó ti lé lọ́dún méjì tí ọwọ́ Bàbá àgbà ti ń gbọ̀n, tí wọn ò lè fi abẹ kan ara wọn mọ́. Láti ìgbà náà ni bàbá mi ti ń ti Ìbàdàn lọ sí Ṣakí lóṣooṣù nítorí iṣẹ́ tí kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Kì í ṣe pé kò sí onígbàjámọ̀ ní Ṣakí. Bàbá àgbà ni kò gbà fún wọn. Wọ́n ní ọ̀fun àwọn kì í ṣe ibi tí gbogbo ọwọ́ ń dé, àti pé abẹ tó ti kan orí ogún ènìyàn kò gbọdọ̀ kan tàwọn. Òótọ́ kúkú ni wọ́n sọ nípa abẹ àjọlò, nítorí àrùn inú ẹ̀jẹ̀ máa ń tara rẹ̀ ràn.

"Abẹ wo lo máa mú dání?" bàbá mi bi mí.

Mo ní n ó mú tèmi. Wọ́n wo àgbọ̀n mi títí, wọn ò sọ nǹkan kan.

Ó yẹ kí n sọ ìtàn àgbọ̀n mi díẹ̀. Nígbà tí irun kọ́kọ́ yọ sí mi lágbọ̀n ní SS 1, mo fi owó tí mo rí gbà nígbà ọdún Kérésì ra ṣéfìn-sítíìkì olójú márùn-ún, torí pé ó ń dán, mo sì rò pé bí ojú rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe fá a tó. Kò pé oṣù kan tí kókó fi bo gbogbo abẹ́ àgbọ̀n mi. Àwọn ọmọ kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ọ̀pọ̀lọ́. Olùkọ́ Bàọ́lọ́jì wa ló là mí lóye. Ó ní irun tiwa máa ń lọ́. Ojú abẹ àkọ́kọ́ á fa irun sókè, èyí tó tẹ̀lé e á gé e, irun náà á sì sá padà sábẹ́ awọ. Nígbà tó bá tún ń hù, á lọ́ wọnú ẹran ara, ara á sì máa bá a jà bí ẹni pé ẹ̀gún ló wọ̀ ọ́. Ó ní olójú kan ló sàn fún irú wa. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n dípò kí n pààrọ̀ abẹ, ńṣe ni mo pa fífá tì.

Bàbá mi fún mi ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà. "Lọ ra èyí tó lè rin ìrìn àjò, tó sì lè fá àgbàlagbà láì dá egbò sí wọn lára. Má ra tẹwà."

Ní Dùgbẹ̀, kílípà ni mo kọ́kọ́ dì mú. Kò lè gé ènìyàn bọ̀rọ̀, ìyẹn sì ni ohun tí mo ń bẹ̀rù jù. Ṣùgbọ́n iná lè má sí nílé Bàbá fún ọjọ́ mẹ́ta, àti pé kílípà máa ń fi irun kúkúrú sílẹ̀, Bàbá àgbà sì fẹ́ kí àgbọ̀n àwọn máa dán bí ẹyin. Mo gbé e sílẹ̀. Ṣéfìn-sítíìkì oníke tí wọ́n ń lò jù nù kò wọ́n, ó sì fúyẹ́, ṣùgbọ́n fífúyẹ́ náà ni ìṣòro rẹ̀: ènìyàn ní láti tẹ̀ ẹ́ mọ́ra kó tó fá. Lára ara mi, mo mọ ìgbà tó bá ti ń dùn mí. Lọ́rùn ẹlòmíràn, tí awọ ti rọ̀, ta ni yóò sọ fún mi?

Àlàájì tó ni ìsọ̀ wá gbé abẹ onírin jáde, irú èyí tí wọ́n ń ki abẹfẹ́lẹ́ kan ṣoṣo sí láàárín, tí irin bò ó lókè àti nísàlẹ̀, tó jẹ́ pé bíńtín ni ojú rẹ̀ yọ síta. Méjì ni wọ́n gbé kalẹ̀. Ọ̀kan ní ìlẹ̀kùn lórí. Bí o bá yí ìdí rẹ̀, ìlẹ̀kùn méjèèjì á ṣí bí ìyẹ́ labalábá. Ẹ ò lè mọ bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó. Mo ṣí i, mo pa á, mo tún ṣí i, títí Àlàájì fi ní kí n má bà á jẹ́ fún àwọn. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló jẹ́ kí n ronú. Ohun tó ní ìlẹ̀kùn, ọṣẹ àti irun á máa há sí i nínú, bí ẹrù bá sì jókòó lé e nínú ọkọ̀ tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ wọ́, ó parí. Èkejì kò ní ju irin mẹ́ta lọ: ìdérí, àwo pẹlẹbẹ abẹ́ rẹ̀, àti èkù tí a ń yí bí ìdérí ìgò. Bí a bá tú u, ó gba inú agolo kékeré. A lè fọ irin kọ̀ọ̀kan, ká fi aṣọ nù ún gbẹ. Mo ní kí Àlàájì ki abẹfẹ́lẹ́ sí i, mo wò ó látọ̀kánkán bóyá ojú méjèèjì yọ bákan náà, torí bí apá kan bá yọ ju èkejì lọ, apá yẹn ni yóò gé ènìyàn. Wọ́n yọ bákan náà. Èkù rẹ̀ ní ìlà gbígbẹ́ lára, kò yọ̀ lọ́wọ́ tó tutù.

Ó dùn mọ́ mi nígbà tí mo kà á pé ẹni tó sọ irú abẹ yìí di ohun tí gbogbo ayé ń lò, arìnrìn-àjò ni òun náà. King Camp Gillette, ará Amẹ́ríkà, ń ta ọjà láti ìlú dé ìlú kí ó tó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1901. Ní 1903 tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà, abẹ 51 àti abẹfẹ́lẹ́ 168 péré ni àwọn ènìyàn rà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún náà. Kó tó di ìgbà yẹn, abẹ gígùn tí a ń fi awọ pọ́n ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń gbé káàkiri. Ta ló fẹ́ di irú ìyẹn mú nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń mì?

Bàbá mi gbé abẹ náà wò, wọ́n mi orí. Wọ́n kọ́ mi pé n kò gbọdọ̀ fi abẹfẹ́lẹ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀ bí mo bá ń rìnrìn àjò, kí ẹni tó bá tọwọ́ bọ àpò má baà gé lọ́wọ́. Inú bébà rẹ̀ ni kó wà. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí àwọn wọ ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n gba abẹfẹ́lẹ́ inú báàgì ọwọ́ àwọn pátá, wọ́n sì dá irin rẹ̀ padà. Èkù lásán kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

A kọjá Ìsẹ́yìn, mo ṣì ń fọwọ́ kan agolo náà nínú àpò.

Ní ọjọ́ kejì tí mo dé, mo gbé omi gbígbóná àti ọṣẹ síwájú Bàbá àgbà. Mo to irin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lójú wọn.

"Àlàó," wọ́n ní, "kọ́kọ́ fá tìẹ kí n rí i."

Ojú tì mí nítorí kókó, ṣùgbọ́n mo fá a. Mo fi omi gbígbóná rọ irun náà, mo fi ọṣẹ tó ń hó bò ó, mo fa abẹ sísàlẹ̀ bí irun ṣe hù sí, díẹ̀ díẹ̀, n kò tẹ̀ ẹ́. Ìwúwo irin náà ló ń ṣiṣẹ́. Bàbá àgbà ń wo ọwọ́ mi, wọn ò wo ojú mi. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní kí n gbé jígí fún àwọn. "A kì í fá orí lẹ́yìn olórí." Wọ́n di jígí náà mú fúnra wọn, ó ń gbọ̀n lọ́wọ́ wọn débi pé n kò mọ ohun tí wọ́n lè rí nínú rẹ̀.

Mo pààrọ̀ abẹfẹ́lẹ́, mo bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì lọ dáadáa. Abẹ́ etí òsì ni ẹ̀jẹ̀ ti yọ, bíńtín, bí orí abẹ́rẹ́. Mo dúró. Abẹ bẹ̀rẹ̀ sí í mì lọ́wọ́ mi.

"Ẹ má bínú, Bàbá."

Bàbá àgbà wo ọwọ́ mi, wọ́n wo tiwọn, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. "Tìẹ náà ń gbọ̀n! Ó yá, máa bá a lọ."

Nígbà tí mo fi òrí pa wọ́n lágbọ̀n tán, wọ́n ní kí n fa àpótí kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Abẹ onírin mìíràn ló wà nínú rẹ̀, tí dídán rẹ̀ ti ń ṣí, èyí tí wọ́n ti ń lò láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn. Bàbá mi ti sọ fún mi pé láti ìgbà tí ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Mo ki abẹfẹ́lẹ́ tí mo rà ní Dùgbẹ̀ sí i, ó sì wọlé wẹ́kú.

"Fi tuntun yẹn sílẹ̀ níbí," wọ́n ní, "kí bàbá ẹ má tún máa gbé abẹ rìn. Mú tèmi lọ."

Nígbà tí mo padà délé, bàbá mi ṣí agolo náà. Wọ́n yí abẹ náà síwá sẹ́yìn fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Ṣé o gé wọn?"

"Ẹ̀ẹ̀kan, sà. Lábẹ́ etí."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní kí n máa bá a lọ."