Omi Kò Mọ Ìwọ̀n Ẹrù, Ilẹ̀ Ló Mọ̀ Ọ́n

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ẹrù òun ṣe wúwo tó, kó má wọ̀n ọ́n lójú omi. Omi kì í sọ òótọ́ nípa ẹrù. Ọkọ̀ àjẹ̀ tó gbé èèyàn méjì, tó gbé àgọ́, ìkòkò, aṣọ àti oúnjẹ ọlọ́sẹ̀ kan á máa yọ́ lọ wẹ́rẹ́ lórí adágún, ẹni tó ń wà á á sì máa rò pé òun ì bá tilẹ̀ fi àga kan àti ìrọ̀rí kún un. Ìgbà tí imú ọkọ̀ bá kan èbúté, tí ẹ ní láti gbé gbogbo rẹ̀ gba inú igbó dé adágún tó kàn, ìgbà yẹn lojú tó là.

Àríwá Minnesota, níbi tí Amẹ́ríkà ti bá Kánádà pààlà, lojú tèmi ti là. Boundary Waters lorúkọ ibẹ̀. Ilẹ̀ náà ju mílíọ̀nù kan éékà lọ, adágún inú rẹ̀ ju 1,000 lọ, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ni kò sì gba ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì. Àwa Yorùbá tó ń gbé ní Minneapolis kì í sábà débẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún àbúrò mi lórí fóònù pé inú àgọ́ ni mo sùn láti ọjọ́ mélòó kan, ohun tó bi mí ni pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n ti lé yín nílé ni?”

Ọ̀nà ẹsẹ̀ tó so adágún kan mọ́ èkejì ni wọ́n ń pè ní portage. Ródì ni wọ́n fi ń wọn gígùn rẹ̀ sórí máàpù. Ródì kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 16 ààbọ̀, ó lé díẹ̀ ní mítà márùn-ún, kò sì jìnnà sí gígùn ọkọ̀ kan. Àwọn ọ̀nà kan ò ju ródì mẹ́wàá lọ. Àwọn mìíràn ju 200 lọ, òkúta, gbòǹgbò àti ẹrẹ̀ ló sì kún ibẹ̀.

Ìṣirò kan wà tí wọn kì í kọ sórí máàpù yẹn. Bí ẹ bá lè kó gbogbo ẹrù yín lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀nà 180 ródì jẹ́ nǹkan bí 900 mítà. Bí ẹrù bá pọ̀ débi pé ẹ ní láti padà wá kó ìyókù, ẹ ó lọ, ẹ ó bọ̀, ẹ ó tún lọ. Ìrìn náà di ìlọ́po mẹ́ta, 2,700 mítà. Ẹ wá fojú inú wò ó bí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ mẹ́rin lójúmọ́. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí ni mi ò ti bi ara mi mọ́ bóyá mo lè gbé nǹkan kan. Bí mo bá mú un dání báyìí, ohun tí mò ń bi ara mi ni pé: ṣé òun ni yóò dá mi padà? Àga tí wọ́n ń ká, tí kò tó kìlò méjì, òun ló dá mi padà rí. Ìkòkò irin náà ti dá mi padà rí.

Láyé ọjọ́un, àwọn ọkùnrin kan wà tó ń fi ọkọ̀ kó awọ ẹranko gba agbègbè yìí fún àwọn oníṣòwò, voyageurs ni wọ́n ń pè wọ́n. Ìdì kan nínú ẹrù wọn jẹ́ 90 pọ́n-ùn, nǹkan bí kìlò 41, méjì sì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan sábà ń gbé lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ń gbé e gba Grand Portage, ọ̀nà tó ju kìlómítà 13 lọ. Lálaalẹ́, lẹ́bàá iná, ẹ ó rí ẹni tó máa fi ìtàn wọn yangàn, pé ìyẹn ni ọkùnrin. Èmi ò bá wọn dá sí i. Oúnjẹ òòjọ́ ni àwọn yẹn ń wá, ìpá kì í sì í ṣe àjèjì láàárín wọn.

Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló wúwo jù nínú gbogbo ẹrù. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, iléeṣẹ́ Grumman tó ń ṣe bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í fi alumíníọ̀mù ṣe ọkọ̀ yìí, wọ́n lágbára débi pé àwọn kan ṣì ń wà wọ́n títí dòní. Ṣùgbọ́n èyí tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 17 wúwo tó kìlò 34. Ọdún 1965 ni obìnrin onímọ̀ kẹ́míkà kan, Stephanie Kwolek, ṣàwárí okùn tínrín tí wọ́n wá ń pè ní Kevlar ní iléeṣẹ́ DuPont. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀wù tí ìbọn ò lè wọ̀ náà ni wọ́n wá fi ń ṣe ọkọ̀. Ọkọ̀ Kevlar tó gba èèyàn méjì lè má tó 20 kìlò. Ó wọ́n. Mi ò ra ọ̀kan rí, mi ò sì ní rà. Ní ìlú Ely, ẹnu ọ̀nà igbó náà, wọ́n ń fi í háyà.

Bí wọ́n ṣe ń gbé e rèé. Ẹ ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ àárín ọkọ̀ gan-an, ẹ ó fa etí rẹ̀ tó sún mọ́ yín gòkè títí ìdí rẹ̀ á fi jókòó sórí itan yín. Ọwọ́ kan á nà dé etí kejì. Ẹ ó wá fi itan ta á díẹ̀, ẹ ó yí i lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ á sì dojú dé lé yín lórí. Igi tó dábùú àárín rẹ̀ ní tìmùtìmù méjì tó ń jókòó sí èjìká, iṣẹ́ tí òṣùká ń ṣe fún aláàárù ló ń ṣe. Láti ìgbà náà, ilẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ yín nìkan lẹ ó máa rí. Ọwọ́ méjèèjì wà lókè, àwọn ẹ̀fọn á sì ti mọ̀, wọ́n á wọ abẹ́ ọkọ̀ wá bá yín. Ní oṣù kẹfà, mo ti gbé ọkọ̀ la ọ̀nà gígùn kọjá láìlè pa ẹyọ ẹ̀fọn kan. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá dé yẹn, kìlò 14 tó wà láàárín Kevlar àti alumíníọ̀mù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé mọ́.

Ṣùgbọ́n Kevlar ò fẹ́ràn òkúta. Ẹ ò gbọ́dọ̀ wà á kó lọ gbá etí omi kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Inú omi tó dé orúnkún ni ẹ ó ti bọ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ yín á tutù, bàtà yín á tutù. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí bàtà òun tutù, kó lọ gba alumíníọ̀mù.

Ní ti àwọn nǹkan kéékèèké, ọjà ńlá ti wà lórí ọ̀rọ̀ yìí báyìí. Wọ́n ń ta ṣíbí titanium, aṣọ ìnura tó fẹ́lẹ́ bí ewé. Mo mọ ẹnì kan tó gé ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rẹ̀ kúrò kó lè fúyẹ́, ó sì di ṣòkòtò jíìnsì méjì sínú àpò. Ṣùgbọ́n ibi tí ìwọ̀n wà gan-an ni àgọ́, àpò ìsùn àti àpò àgbékẹ́yìn fúnra rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo mẹ́ta yìí dáadáa ná. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin méjì tẹ́ ẹ jọ ń lọ lo sítóòfù kan, ìkòkò kan, ọ̀bẹ kan. Ohun tí ẹ bá fi sílẹ̀ nílé ló fúyẹ́ jù, ẹ ò sì san kọ́bọ̀ lé e. Ní ọdún 1955, ìyá ẹni ọdún 67 kan, Emma Gatewood, ọlọ́mọ mọ́kànlá, dá rin ọ̀nà ẹsẹ̀ Appalachian láti Georgia dé Maine, ó ju 3,200 kìlómítà lọ. Àpò tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán ló gbé kọ́ èjìká, ike tí wọ́n ń ta bí aṣọ ìkélé sí ilé ìwẹ̀ ló fi ń sá fún òjò, bàtà aláṣọ ló sì wọ̀.

Òfin Boundary Waters kò gbà kí wọ́n gbé oúnjẹ inú agolo tàbí inú ìgò wọlé, nítorí náà sàdíìnì àti tòmátì alágolo di ilé. Ibi yìí ni gààrí ti yọ mí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ra oúnjẹ gbígbẹ inú ọ̀rá olówó gọbọi, èmi ń fi omi tútù rẹ gààrí, mo ń fi ẹ̀pà jẹ ẹ́, gáàsì kan ò sì jó. Ẹja gbígbẹ ni mo jáwọ́ nínú rẹ̀, nítorí béárì dúdú pọ̀ níbẹ̀, imú wọn sì mú. Oúnjẹ kì í sùn nínú àgọ́ ẹnikẹ́ni, okùn la fi ń fà á gòkè igi. Omi ni ẹ ò gbọ́dọ̀ rù rárá. Lítà kan, kìlò kan ni, adágún sì yí yín ká. Ẹ mú asẹ́ omi kékeré dání, tàbí kí ẹ jẹ́ kí omi hó fún ìṣẹ́jú kan gbáko, torí kòkòrò giardia tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru.

Àwọn nǹkan kan wà tí mi ò ní gé, bó ti wù kí wọ́n dá mi padà tó. Yìnyín orí àwọn adágún yẹn lè pẹ́ dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún kó tó yọ́ tán. Ẹni tó bá ṣubú sómi lásìkò yẹn, agbára á tán lápá rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, bó ti wù kó mọ̀wẹ̀ tó. Láífù jákẹ́ẹ̀tì, ara ló ń wà, kì í ṣe abẹ́ àga. Kóòtù òjò gidi tẹ̀ lé e, àti ìpààrọ̀ aṣọ irun àgùntàn kan nínú ọ̀rá tí omi ò lè wọ̀. Ẹ má wọ aṣọ kọ́tìn. Bó bá ti tutù, kì í gbẹ bọ̀rọ̀, òtútù á sì wọ̀ yín lára.

Ó wá ku àjẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò lẹ́ẹ̀mejì. Àjẹ̀ onígi lè wúwo tó 650 gíráàmù, ti káábọ̀nù lè má ju 350 lọ. 300 gíráàmù jọ nǹkan yẹpẹrẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rọra ń wakọ̀ á gbé àjẹ̀ sókè bí ìgbà 40 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn 2,400 ní wákàtí kan. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 720 kìlò ni apá yín gbé lásán láàárín wákàtí kan ṣoṣo. Bí owó yín bá mọ ní ti nǹkan fífúyẹ́ kan péré, ẹ háyà ọkọ̀, ẹ yá àgọ́, kí ẹ sì fi owó ara yín ra àjẹ̀.